Ọjọ́ Kìíní Aṣètò Kọ̀ǹpútà Lẹ́nu Iṣẹ́

  Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lé orí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ aṣètò kọ̀ǹpútà. Aṣètò kọ̀ǹpútà ni ẹni tí ń kọ àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, yálà ní báńkì, ní ilé-ìwòsàn, tàbí nínú fóònù tí ó wà lápò wa.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ohun tuntun ni ẹni bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ kọ. Èrò tèmi yàtọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ó ka ohun tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ti kọ, kí ó sì bèèrè ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ Ìlá kan tí òkìkí rẹ̀ kàn, Lámídì Fákẹ́yẹ, tí ó kú ní ọdún 2009. Ìdílé agbẹ́gilére ni a bí i sí; láti kékeré ni ó ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà lọ́dọ̀ baba rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 1949, ó lọ di ọmọ-iṣẹ́ George Bámidélé, ọmọ Aréògún, ní ibi iṣẹ́ ọnà tí Fadá Kevin Carroll ń bójú tó ní Ọyẹ́-Èkìtì. Ọdún mẹ́ta ni ó lò níbẹ̀. Ẹni tí ó ti mọ igi í gbẹ́ tún jókòó ti ọ̀gá mìíràn, ó ń wo bí ọwọ́ ọ̀gá náà ti ń lọ. Nígbà tí ó yá, òun náà di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Òun ni ó sì gbẹ́ ère Odùduwà tí ó wà níbẹ̀.

Báwo ni èyí ṣe kan kọ̀ǹpútà? Ẹ jẹ́ kí a wí pé ọ̀dọ́mọbìnrin kan gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí ń tọ́jú orúkọ àti ìlú àwọn oníbàárà. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó rí ìlà kan nínú ètò wọn tí kò mọ ìwúlò rẹ̀, ó sì pa á rẹ́. Láti ọjọ́ kejì, bí wọ́n bá wá àwọn oníbàárà tí ń gbé ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ẹ̀rọ kì í rí gbogbo wọn mọ́. Kí ni ó fà á? Nínú Unicode, ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà àgbáyé fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, Ọ̀ tí ó ní àmì nísàlẹ̀ àti lókè kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan lè tọ́jú Ọ, kí ó wá fi àmì ohùn tẹ̀ lé e. Òmíràn lè tọ́jú O, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n; lójú ẹ̀rọ, wọ́n yàtọ̀. Ìlà tí ó pa rẹ́ ni ó ń sọ wọ́n di ọ̀kan. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ohun tí ì bá ràn án lọ́wọ́ kò jìnnà. Git, tí Linus Torvalds ṣe ní ọdún 2005, ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń pa ìtàn ètò wọn mọ́: ẹni tí ó yí ìlà kan padà, ọjọ́ tí ó yí i padà, àti ìdí tí ó kọ sílẹ̀. Bí ìdí náà kò bá yé ẹni, kí ó bèèrè.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa olùkọ́. Nínú kíláàsì, ẹni tí ó tètè dáhùn ni a ń yìn; ẹni tí ó bèèrè, a ó ní, “Ṣé o kò gbọ́ ohun tí mo sọ ni?” Ìbẹ̀rù yìí ni ọmọ náà ń gbé dé ibi iṣẹ́. Lóde òní, ènìyàn lè jókòó sí Ìlá kí ọ̀gá rẹ̀ wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀gá náà kò rí ojú rẹ̀ kí ó mọ̀ pé nǹkan ta kókó. Ohun tí ó bá kọ nìkan ni ó rí. Nítorí náà, kí ó má kàn kọ pé, “Kò ṣiṣẹ́.” Kí ó kọ ohun tí ó fẹ́ ṣe, ohun tí ó ti dán wò, ohun tí ó ń retí, àti ohun tí ẹ̀rọ ṣe gan-an. Ẹ̀kọ́ èdè ni èyí. A lè fi kọ́ àwọn ọmọ nínú àròkọ.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Wọn yóò pè mí ní òpè.” Wọ́n kúkú mọ̀ pé àlejò ni ọ́. Ìbéèrè ọ̀sẹ̀ kìíní kò ní ìtìjú. Ti oṣù kẹfà ni ó nira. Bí o bá sì ti rí ìdáhùn gbà, kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tí yóò dé lẹ́yìn rẹ lè bá a níbẹ̀.