Ọbẹ̀ Ẹ̀fọ́ Náà, Ọbẹ̀ Ni: Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Ẹgbẹ́ Sọ Ní Ìpàdé

Ọ̀rọ̀ owó àjọ àti ìmọ́tótó ọjà la sábà máa ń sọ níbí. Lónìí, ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ la gbé wá.

Àwa la ń bọ́ ìlú. Láti ìdájí la ti ń já ẹrù lórí ọkọ̀. Ata, àlùbọ́sà, ẹ̀wà, ègúsí, ìrù, ọwọ́ wa ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Kí wá ni àwa fúnra wa ń jẹ? Búrẹ́dì àti mínírà ní ọ̀sán. Tó bá di alẹ́, tó ti rẹ̀ wá, a ó ní kí àwọn ọmọ se Indomie. Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ò jẹ ẹ̀fọ́, ẹlẹ́wà ò se ẹ̀wà. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ìtìjú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. A rò pé ọbẹ̀ tí kò ní ẹran, ọbẹ̀ ìyà ni. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó ọkọ̀ àti owó ọjà fò sókè, gbogbo wa la mọ ohun tí ojú ń rí nídìí ẹlẹ́ran. Àwọn kan ń ra ẹran láwìn. Àwọn mìíràn ń mú nínú owó ọjà ra pọ́nmọ́, kí àlejò má bàa sọ pé nǹkan ò lọ déédéé. Bí wọ́n bá jókòó ti oúnjẹ náà, gbèsè ni wọ́n ń rò. Ayọ̀ wo ló wà nínú ẹran tá a fi gbèsè jẹ?

Ẹ̀yin alápatà àti ẹlẹ́ja tí ẹ jẹ́ ará wa, ẹ má bínú. A ò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹran mọ́ o. Ohun tí a ń sọ ni pé lọ́jọ́ tí kò bá sí ẹran, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín.

Ẹ rántí oúnjẹ àwọn ìyá wa. Ẹ̀kọ àti àkàrà. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Adàlú, ẹ̀wà àti àgbàdo nínú ìkòkò kan. Wọn ò mọ̀ọ́kọ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun amáradàgbà tí kò pọ̀ nínú àgbàdo, ẹ̀wà ní in. Èyí tí kò pọ̀ nínú ẹ̀wà, àgbàdo ní in. Nínú ẹ̀wà gbígbẹ 100 gíráàmù, ohun amáradàgbà tó wà níbẹ̀ lé ní 20 gíráàmù.

Ẹni tó bá ní ẹ̀wà jẹ́ oúnjẹ tálákà, kó wo Bahia ní Brazil. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé àkàrà débẹ̀. Acarajé ni wọ́n ń pè é, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, àwọn obìnrin ló sì ń tà á lójú pópó. Ní ọdún 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà orílẹ̀-èdè wọn.

Ó wá ku bí a ṣe ń sè é. Ẹ jẹ́ kí epo pupa gbóná díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó funfun, torí ohun tó ń ṣe ojú láǹfààní á jóná. Ẹ da àlùbọ́sà sí i, kí ẹ wá da ata tí omi rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ má ṣahun ìrù, òun gan-an ló ń dípò ẹran lẹ́nu. Ẹ fi olú tàbí wàrà díndín sí i bí agbára bá wà. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀ ló máa wọlé kẹ́yìn, kó má pẹ́ lórí iná. Ọsàn kan lẹ́yìn oúnjẹ á jẹ́ kí ara rí èròjà irin inú ẹ̀fọ́ lò, ẹ̀jẹ̀ wa nílò rẹ̀. Ẹni tí kì í jẹ ẹran àti ẹja rárá, kó má fi ẹyin àti wàrà ṣeré, torí fítámì B12 ò sí nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà.

Ẹ tún wo ayọ̀ tó wà nídìí rẹ̀. Ọmọ kan ń já ẹ̀fọ́, èkejì ń bó ẹ̀wà. Ọmọ tó bá ń bó ẹ̀wà, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níléèwé, tí a ò bá má gbọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ìjà pé ẹran ta ló tóbi jù. Àwa ìyá tí a máa ń pín ẹran kárí ilé, tí omi ọbẹ̀ á wá kù fún wa nísàlẹ̀ ìkòkò, ohun tí bàbá jẹ, tí ọmọ jẹ, làwa náà máa jẹ. Ẹ̀yin ìyá, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí kálukú mú alẹ́ kan lọ́sẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí ò bá tà, tó fẹ́ rọ, ká má dà á nù. Kí ẹlẹ́fọ̀ọ́ mú ìdì méjì fún ẹlẹ́wà, kí ẹlẹ́wà wọn díẹ̀ fún un. Kí aláta àti onírù náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkòkò mẹ́rin á kún láìná owó púpọ̀. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ gbé tiyín wá nínú kúlà, ká jọ tọ́ ọ wò.

Ọjà á máa tà o. Oúnjẹ ò ní wọ́n wa nílé. A ò ní fi ohun tí a ń tà ṣe aláìní. Àṣẹ.