Iṣan Ẹsẹ̀ Tó Le àti Orúnkún Tó Ń Dunni

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò lè kúnlẹ̀ kí àgbà mọ́. Àwọn mìíràn ń jókòó sórí àga kírun, nítorí orúnkún. Kíá la máa ń sọ pé, "Àgbà ló dé," tàbí "Làkúrègbé ni." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, iṣan ẹsẹ̀ tó ti le ló ń ni orúnkún lára.

Iṣan ńlá iwájú itan so mọ́ egungun róbótó tó bo orúnkún. Bí ó bá le, yóò máa fa egungun náà mọ́ egungun itan gírígírí nígbà tí a bá ká ẹsẹ̀. Bí iṣan ẹ̀yìn itan bá le, ẹsẹ̀ kì í nà dáadáa, ti iwájú á wá máa ṣe àṣekún iṣẹ́. Ìdí nìyí tí gígun àtẹ̀gùn àti dídìde lẹ́yìn ìjókòó pípẹ́ fi máa ń dunni.

Ìjókòó pípẹ́ wà lára ohun tó ń mú iṣan le. Ọdún 35 ni mo fi jókòó nídìí tábìlì ìjọba. Ẹni tó ń tajà ń jókòó. Ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Port Harcourt lójoojúmọ́ ń ká ẹsẹ̀ jọ.

Ohun tí mo ń ṣe láràárọ̀ rèé. Mo jókòó sí etí àga, mo na ẹsẹ̀ kan, gìgísẹ̀ wà nílẹ̀, mo tẹ̀ síwájú láìká ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, mo dìde, mo di àga mú, mo fa ọrùn ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn sí ìdí. Ìṣẹ́jú àáyá 30 ni fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ má ṣe já a gbà. Bí ó bá ń dùn yín, ẹ dẹ̀ ẹ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Orúnkún tó wú, tó gbóná, tàbí tó yẹ̀ lójijì, ti dókítà ni. Ẹ má sì sọ oògùn ìrora di oúnjẹ ojoojúmọ́. Ó lè ba ikùn àti kíndìnrín jẹ́. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn onífisiotẹ́rápì. Láti ọdún 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ ẹlẹ́kọ̀ọ́ ni.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa gbé wa dalẹ́.