Wárápá dédé gbé àgbàlagbà: Ẹ bèèrè bóyá aràn ti kó sí ọpọlọ rẹ̀



Tí àgbàlagbà tí wárápá kò gbé rí bá dédé ṣubú, tó ń gbọ̀n, tí itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ọ̀pọ̀ á ní ayé ló ń ṣe é. Àwọn míì á sá, kó má baà ràn wọ́n. Wárápá kì í ràn. Níbi tí ẹlẹ́dẹ̀ ti ń jẹ̀ káàkiri, aràn inú ọpọlọ lè wà lára ohun tó fà á. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní níbi tí aràn yìí ti gbilẹ̀, ó lè fa ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún wárápá. Wọ́n ti rí i lára àwọn tó ní wárápá ní Togo, Benin àti Burkina Faso.

Taenia solium ni orúkọ aràn náà. Ẹni tó jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó ní kókó aràn, tí kò sì jinná, inú ìfun ni aràn rẹ̀ á wà. Ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń kó ẹyin aràn jáde. Tí ọwọ́ ìdọ̀tí, omi tàbí ewébẹ̀ bá gbé ẹyin yìí dé ẹnu, ọmọ aràn á gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ di àpò omi kékeré nínú iṣan, ojú tàbí ọpọlọ.

Nítorí náà, "èmi kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀" kò lè gbà yín. Lọ́dún 1992, àwọn dókítà ròyìn àwọn Júù mẹ́rin ní New York tó ní in lọ́pọlọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀sìn wọn ka ẹlẹ́dẹ̀ léèwọ̀. Ìwádìí tọ́ka sí àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé, tó ṣeé ṣe kí aràn wà nínú ìfun wọn.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó. CT scan tàbí MRI ló ń fi àpò náà hàn. Tí dókítà bá rí orí aràn nínú rẹ̀ bí àmì kékeré, ọ̀rọ̀ ti dájú. Láìsí àwòrán, èèyàn lè pè é ní jẹjẹrẹ tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ ọpọlọ. Ìṣòro wa ni pé abúlé ni àìsàn wà, ìlú ńlá ni ẹ̀rọ wà.

Ẹ má ra oògùn aràn lò fúnra yín. Bí aràn ṣe ń kú, ọpọlọ lè wú. Tó bá wà lójú, ojú lè fọ́. Dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ojú wò.

Ẹ fọ ọwọ́, ẹ lo ilé ìgbẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹlẹ́dẹ̀ máa rìn kiri, ẹ se ẹran jinná. Tí wárápá bá sì gbé àgbàlagbà yín, ẹ bi dókítà pé: "Ṣé a lè ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀?"