Ilé Amọ̀ Tí A Lọ Wò ní Jọ́ọ̀sì
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé Igbó-Ọrà)

Ẹ ní kí n wá ròyìn ìrìn-àjò tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan rìn lọ sí Jọ́ọ̀sì. N kò ní í sọ ti òtútù ibẹ̀, ẹnu àwọn tí a jọ lọ ti gbà á tán.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí a dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1952 ni pápá gbangba kan wà. Ilé ni wọ́n kọ́ jọ síbẹ̀, láti nǹkan bí àwọn ọdún 1970: àwòkọ odi Kánò, mọ́ṣáláṣí Sàríà, abúlé àwọn Tífí. Òyìnbó ará Pólándì kan, Dmochowski, ni ó ṣe ètò rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà ó ti lo ọdún púpọ̀ káàkiri Nàìjíríà, ó ń wọn ògiri, ó ń ya ilé sínú ìwé. Ó kú ní 1982. Ní 1990 ni ìwé rẹ̀ jáde, apá mẹ́ta. Irú pápá bẹ́ẹ̀ ti wà ní Stockholm, ní ilẹ̀ Súwídìn, láti 1891.

Ohun tí mo ń rò níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ń dáná nínú ilé wọ̀nyẹn. Ẹ̀yin ìyá mọ̀ pé èéfín ààrò ni kì í jẹ́ kí kòkòrò tètè jẹ koríko òrùlé. Níbi tí èéfín kò sí, àfi kí a máa sanwó fún ẹni tí yóò tún un ṣe.

Nílé tiwa, ọ̀wẹ̀ ni. Ta ni ó dá ilé amọ̀ kọ́ rí ní Ìbàràpá? Àwọn ọkùnrin á fi ẹsẹ̀ pò amọ̀, wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí wọ́n tó tún padà wá mọ òmíràn. Onílé á rokà, á gbé ẹmu kalẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọ́n á tún pàdé láti fi koríko bẹẹrẹ bo òrùlé. Ẹ má bínú o, akọ̀wé wa: kò sí ìwé àkọsílẹ̀ kankan, síbẹ̀ kò sí ẹni tí í gbàgbé ẹni tí ó kàn. N kò bú páànù. Mo rántí bí koríko ṣe ń jò, mo sì rántí bí iná ṣe ń jó o.

Èmi gan-an ni mo dá a lábàá pé kí a wó àkódì agbo-ilé wa, kí n fi owó tí mo yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kọ́ yàrá bọ́lọ́ọ̀kù mẹ́rin síbẹ̀. Nígbà tí a ti Jọ́ọ̀sì dé, mo ra téèpù. Ẹsẹ̀ bàtà 24 ni gígùn rẹ̀. Àǹtí mi àgbà tẹ̀lé mi káàkiri, ó ń nawọ́ sí ibi tí ìkòkò tí ń gba omi òjò wà, ibi ààrò ìyáálé, ibi tí wọ́n ti bí bàbá mi. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí, n kò gbọ́ ọ rí.

Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó, n kò ní kí ẹ má yá ènìyàn lówó ilé. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí ni pé kí ẹni tí yóò wó ilé àtijọ́ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, kí ó yà á sínú ìwé, kí ó sì pe àgbà ilé. Téèpù mi wà ńlẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ yá a. N kò tíì wó àkódì náà. Akápò, bí mo bá dá owó yẹn padà lóṣù tí ń bọ̀, ṣé ẹ óò gba èlé lórí rẹ̀?