Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà Kò Lè Ṣe Iṣẹ́ Kánsù Láìsí Òṣìṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ òní dá lórí kánsù ìlú Akra ní orílẹ̀-èdè Ghánà, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ti ṣòwò kí àṣẹ ìjọba Busia tó lé wọn padà sílé ní ọdún 1969.

Láti ọdún 1898 ni ìlú náà ti ní kánsù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé ńlá àti rìsíìtì ni àwọn akọ̀wé fi ń ṣe àkọsílẹ̀ owó ilé àti owó ọjà. Òfin Ìjọba Ìbílẹ̀ ti ọdún 2016 fún kánsù ní àṣẹ láti gba owó-orí ilé, kí ó lè fi tọ́jú ìlú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba owó lórí ilé tí kò mọ ibi tí ó wà? Nítorí èyí, ìjọba gbé GhanaPostGPS jáde ní ọdún 2017, kí ilé kọ̀ọ̀kan lè ní àdírẹ́sì. Ní ọdún 2021 ó ṣí Ghana.gov, kí ará ìlú lè máa san owó ìjọba láti orí fóònù.

Ètò dára, òṣìṣẹ́ ni yóò mú un ṣẹ. Òótọ́ ni pé àwọn kan kórìíra ẹ̀rọ nítorí pé kì í jẹ́ kí owó sọnù sínú àpò. Irú wọn ni àwọn àgbà ń bá wí pé: ẹni tó mọ iṣẹ́ òkùnkùn, kó má dá òṣùpá lóró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń lọ́ra ni olè. Òmíràn ti fi ogún ọdún mọ ìwé, ó ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ yóò gba oúnjẹ lẹ́nu òun. Òmíràn rántí ọdún 2012 sí 2015, nígbà tí iná mànàmáná ń lọ tí ó ń bọ̀, tí wọ́n sọ ọ́ ní dumsor; ó ń bèèrè ohun tí kọ̀ǹpútà yóò ṣe nínú òkùnkùn.

Ìbéèrè wọ̀nyí tọ́ sí ìdáhùn. Kí a kọ́ òṣìṣẹ́ kí ẹ̀rọ tó dé. Kí a pèsè iná tí kò ní kú. Kí a jókòó pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí a sì ṣe ìlérí ní kedere pé iṣẹ́ yóò yí padà, a kò ní lé ènìyàn. Akọ̀wé ló mọ ilé tí ó ti wó àti ilé tí a ti tà. Bí kò bá fi òtítọ́ sínú ẹ̀rọ, irọ́ ni ẹ̀rọ yóò máa tún kà fún wa.

Ẹ jẹ́ kí àwọn kánsù ilẹ̀ Yorùbá kọ́gbọ́n níbẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.