Àrùn Ìfun Wíwú: Ibi Tí Agbára Oúnjẹ Dé àti Ibi Tí Kò Dé

 

Bí ẹnì kan bá ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ládùúgbò wa, kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ilé á ti mọ ohun tó ń ṣe é. Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Wọ́n á ní adùn ló jẹ jù. Wọ́n á bá a ra àgbo jẹ̀dí ní gáréèjì. Bí kò bá sì lọ, wọ́n á ní kò tíì mu ún tó. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé jẹ̀dí wà. Ìgbẹ́ ọ̀rìn náà wà, àwọn méjèèjì sì wọ́pọ̀ láàárín wa gan-an ju àrùn tí mo wá sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Àmọ́ àrùn ìfun wíwú máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn wọn, ọ̀pọ̀ ọdún sì lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ẹ̀yà rẹ̀ méjì ló gbajúmọ̀. Àrùn Crohn lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí, ó sì máa ń jẹ ẹran ìfun wọnú. Ulcerative colitis ní tirẹ̀ kì í kúrò ní ìfun ńlá. Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, tí á máa dá egbò sí awọ inú ìfun lọ sókè. Inú á máa run aláìsàn, ìgbẹ́ gbuuru kò ní dáwọ́ dúró, á máa rù, àárẹ̀ kò ní jẹ́ kó ṣe nǹkan kan. Ó lè rọlẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kó tún gbéra. Àwọn ọ̀dọ́ ló sì máa ń bá jà jù, nígbà tó yẹ kí wọ́n máa kàwé, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́.

Oníṣègùn Samuel Wilks ti kọ̀wé nípa aláìsàn kan tí irú àrùn ìfun wíwú bẹ́ẹ̀ mú ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1859. Lọ́dún 1913, Kennedy Dalziel, oníṣẹ́ abẹ ní Glasgow, ṣàpèjúwe èyí tí a mọ̀ sí Crohn lónìí dáadáa. Ọdún 1932 ni Crohn, Ginzburg àti Oppenheimer ní ilé ìwòsàn Mount Sinai ní New York tó gbé ìwé tiwọn jáde lórí aláìsàn 14. Lẹ́tà C ló ṣáájú G àti O, bí orúkọ Crohn ṣe di ti àrùn nìyẹn. Bó bá jẹ́ ẹni tó ti ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa ṣáájú wọn la fi ń sọ nǹkan lórúkọ, àrùn Dalziel la ò bá máa pè é.

Kí ló ń fà á? Àìmọye bakitéríà ló ń gbé inú ìfun wa, ètò tó ń dáàbò bo ara sì mọ bí a ti ń bá wọn gbé. Nínú àrùn yìí, àjọgbé yẹn ló dàrú: ara bẹ̀rẹ̀ sí í gbógun ti ohun tó yẹ kó gbójú fò, ìfun ló sì ń jìyà ìjà náà. Àjogúnbá wà níbẹ̀. Lọ́dún 2001 ni wọ́n rí àbùdá NOD2 tó ń mú kí àrùn Crohn tètè ríbi wọlé. Ṣùgbọ́n àbùdá kì í yí padà láàárín ìran kan. Àwọn ọmọ tí àwọn ará Íńdíà àti Pakistan bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ní àrùn yìí bíi ti àwọn ọmọ onílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń pọ̀ sí i ní àwọn ìlú ńlá Éṣíà bí ilé iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ níbẹ̀. Nǹkan kan ń bẹ nínú ìgbé ayé tuntun yìí. Sìgá wà lára rẹ̀, torí ó máa ń dá kún àrùn Crohn. Oúnjẹ ni mo fẹ́ dúró lé.

Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Ireland tó ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Mulago ní Kampala, ló pariwo fáíbà fáyé gbọ́, ìyẹn ohun tó wà nínú èso, ẹ̀wà, ewébẹ̀ àti èèrí ọkà tí ìfun kékeré kò lè dà. Lọ́dún 1972, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé ìgbẹ́ àwọn ará Áfíríkà àti ti àwọn ará Bírítéènì sórí òṣùwọ̀n. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Ìgbẹ́ àwọn ará ìgbèríko Áfíríkà pọ̀ jù, ó sì ń yá jáde ju ti òyìnbó lọ. Ohun tí a mọ̀ lónìí ni pé bakitéríà inú ìfun ńlá ló ń jẹ fáíbà yẹn, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di butyrate, tí awọ ìfun fi ń ṣe oúnjẹ. Lọ́dún 2015, Stephen O'Keefe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pààrọ̀ oúnjẹ fún ogún ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ní Pittsburgh àti ogún ará ìgbèríko Gúúsù Áfíríkà. Fáíbà àwọn ará Amẹ́ríkà gòkè láti gíráàmù 14 sí 55 lójúmọ́; ti àwọn ará Áfíríkà já wálẹ̀ láti 66 sí 12. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, awọ ìfun àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń tutù, ti àwọn ará Áfíríkà sì ti ń bínú. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni wọ́n ń wá o, kì í ṣe àrùn tiwa yìí, àmọ́ ẹ wo bó ti yá tó.

Ìwádìí mìíràn tó jáde lọ́dún 2021 tẹ̀ lé ènìyàn 116,087 ní orílẹ̀-èdè 21. Àwọn tó ń jẹ oúnjẹ àtilé-iṣẹ́-wá, bíi sọ́sééjì, bisikíìtì àti ẹlẹ́rìndòdò, nígbà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, ewu àrùn ìfun wíwú tiwọn fi nǹkan bí ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kì í jẹ tó ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹran lásán kò fa irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò tíì fi hàn pé oúnjẹ náà gan-an ló fa àrùn, ṣùgbọ́n nínú eku, àwọn èròjà tí ilé iṣẹ́ fi ń po òróró pọ̀ mọ́ omi ti ba ààbò awọ ìfun jẹ́. Èmi ti rí ohun tó tó láti dín in kù nínú ilé mi.

Ṣé oúnjẹ wá lè wo ẹni tí àrùn náà ti mú? Bẹ́ẹ̀ ni, níbì kan ní pàtó. Bí ọmọdé bá ní àrùn Crohn, wọ́n lè gba gbogbo oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kó máa mu kìkì oúnjẹ olómi tí wọ́n pò fún aláìsàn, tó ní gbogbo èròjà aṣaralóore nínú. Nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn ni ara á tù, láìlo steroid, oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀. Òun ni àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Yúróòpù fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ìyà rẹ̀ pọ̀, ẹ̀yin ìyá: ọmọ á máa wo àwo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oníṣègùn Arie Levine ní Ísírẹ́lì fi dán ọ̀nà mìíràn wò lọ́dún 2019: oúnjẹ olómi díẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ ilé tí wọ́n ti ṣà, irú bí ẹyin, adìyẹ, ọ̀dùnkún àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, ara tu mẹ́rìndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tó jẹ ẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn tó fi oúnjẹ olómi nìkan bẹ̀rẹ̀, márùndínláàádọ́ta ni. Ti àgbàlagbà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí tó wà fún ulcerative colitis sì kéré sí i.

Ẹ ó bi mí pé ògì, gàrí àti irú tiwa ńkọ́? Mo mọ̀ pé wọ́n ń tà á káàkiri báyìí pé oúnjẹ ìbílẹ̀ ń wo ìfun. Ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2021, àwọn tó jẹ oúnjẹ tí a mú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, bíi yúgọ́ọ̀tì, rí i pé irú bakitéríà inú wọn pọ̀ sí i, àmì wíwú nínú ẹ̀jẹ̀ sì dín kù. Ṣùgbọ́n ara àwọn yẹn dá tẹ́lẹ̀, wọ́n sì jẹ bakitéríà náà láàyè. A ń se ògì kó tó di ẹ̀kọ, a ń yan gàrí, irú ń hó nínú ọbẹ̀. Omidùn ni bakitéríà rẹ̀ ṣì lè wà láàyè, àmọ́ omi wo la fi rẹ àgbàdo náà? Oúnjẹ gidi ni gbogbo wọn, mo sì fẹ́ràn wọn. Oògùn àrùn Crohn kọ́ ni wọ́n.

Ẹni tí àpá egbò bá sì ti sọ ìfun rẹ̀ di tín-ín-rín, kó ṣọ́ra fún fáíbà tí mo ń yìn bọ̀. Gúgúrú, àgbàdo sísun, hàhà ọsàn àti igi ẹ̀fọ́ lè dí i pa. Mọ́ínmọ́ín tí a bó èèpo ẹ̀wà rẹ̀ sàn fún un ju ẹ̀wà sísè lọ.

Ẹ̀yin oníṣègùn, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó kọ steroid fún ẹnikẹ́ni, ẹ yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò fún amíbà, kí ẹ sì rántí pé ikọ́ ẹ̀gbẹ lè mú ìfun, kó jọ Crohn bí ìbejì. Steroid lè pa irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn, ẹ má torí oúnjẹ kankan dá a dúró láìsọ fún dókítà yín. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tàbí tó ń ṣu gbuuru fún oṣù kan tó sì ń rù, ẹ gbé àgbo sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn òyìnbó tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ìfun, kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ yẹ̀ wò.