Ẹni Tó Gba Epo Lájà: Ọ̀rọ̀ Lórí Fíìmù àti Orin tí a Ń Pín Lórí Fóònù

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́ ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò)

 

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀kan nínú wa béèrè ìbéèrè kan tí a kò ráyè dáhùn. Ó ní fíìmù kan tí kò tíì kúrò ní ilé sinimá ti wà lórí WhatsApp ẹ̀ka wa. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn bínú sí i. Alága wá ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé e lórí. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: èmi náà wo fíìmù yẹn. Mo wò ó tán, mo tún fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Ìlọrin. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé mo wá ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Àwọn àgbà tó wà níbí yóò rántí Moses Ọláìyá, tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Ní 1982 ni fíìmù rẹ̀, Ọ̀run Móoru, jáde. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Láyé ìgbà náà, owó ńlá ni wọ́n fi ń ṣe fíìmù. Ẹni tó bá ṣe é yóò máa gbé e láti ìlú dé ìlú, láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, kí àwọn èèyàn lè san owó ẹnu ọ̀nà, kí òun sì lè rí owó tó ná padà. Ṣùgbọ́n àwọn kan jí Ọ̀run Móoru dà sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì ń tà á. Ta ni yóò tún sanwó wọ gbọ̀ngàn lọ wo ohun tó ti wà ní pálọ̀? Òfò náà wọ Bàbá Sàlá lára gidigidi. Títí ó fi kú ní 2018, bí a bá ti dárúkọ fíìmù náà, ọ̀rọ̀ olè yẹn ni àwọn èèyàn ń rántí.

Nígbà náà, ẹni tó fẹ́ jí fíìmù dà kọ nílò ẹ̀rọ, ṣọ́ọ̀bù àti ọkọ̀ tí yóò kó kásẹ́ẹ̀tì. Lónìí, àtàǹpàkò kan ti tó. Ní 1999 ni Napster bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí àwọn èèyàn fi ń pín orin láàárín ara wọn. Ẹjọ́ ló mú kí ó kógbá wọlé ní 2001. Ní 2009, ilé ẹjọ́ ní Sweden dá àwọn mẹ́rin tó wà nídìí The Pirate Bay lẹ́bi. Síbẹ̀, pípín kò dúró. Bí wọ́n ti ń dí ihò kan ni òmíràn ń ṣí. Ilé ẹjọ́ nìkan kò lè parí ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ni òfin ilẹ̀ wa wí? Òfin 1988 ni a ń lò tẹ́lẹ̀. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ni òfin 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023. Ó sọ pé oníṣẹ́, tàbí ẹni tó bá fún láṣẹ, nìkan ló lè gbé iṣẹ́ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Ó fún un láyè láti kọ̀wé pé kí wọ́n yọ ohun tí a jí kúrò. Ẹ̀tọ́ náà kì í ṣe títí ayé: ti ìwé àti orin yóò wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́, ti fíìmù, 50 ọdún lẹ́yìn tó kọ́kọ́ jáde. Òfin náà kò sì di gbogbo ọ̀nà. Ó gbà wá láyè láti lo iṣẹ́ ẹlòmíràn níwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ẹ̀kọ́ ara ẹni, fún àríwísí àti fún ìròyìn. Ó ṣí ọ̀nà fún àwọn tí kò ríran láti rí ìwé kà. Ẹni tó da ojú ewé méjì kọ láti fi kàwé kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó fi odindi fíìmù ránṣẹ́ sí igba èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn àwọn àwíjàre tí mo ti gbọ́ lẹ́nu yín.

Èkínní, wọ́n ní kì í ṣe olè. Ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ kò ní ewúrẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n fíìmù ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá mú wa ṣiṣẹ́ àṣekún wákàtí mẹ́ta tí kò sanwó rẹ̀, kí ló mú nínú àpò wa? Ọwọ́ wa ṣì wà lára wa, kò gé e lọ. Síbẹ̀, a máa ń pè é ní ìrẹ́jẹ, a sì máa ń tìtorí rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀. Owó iṣẹ́ ni ó jẹ. Owó iṣẹ́ náà ni àwa ń jẹ.

Èkejì, wọ́n ní olówó ni àwọn òṣèré. Àwọn mélòó? Lẹ́yìn ẹni tí ojú rẹ̀ wà lára pátákó, ẹ wo káfíńtà, télọ̀, awakọ̀, ẹni tó gbé iná àti ẹni tó se oúnjẹ. Wọ́n lè ti gba owó iṣẹ́ àná, ṣùgbọ́n bí fíìmù yìí bá wọ gbèsè, ta ni yóò pè wọ́n fún èyí tó ń bọ̀?

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní kò sí owó. Èyí ni mo gbà jù. Ẹni tó ń gba ₦70,000, tí òfin 2024 fi ṣe owó oṣù tó kéré jù, kò lè máa lọ sí ilé sinimá bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n àìlówó wa kọ́ ni kí a fi gba oúnjẹ lẹ́nu òṣìṣẹ́ bíi tiwa. Owó oṣù ni kí a jọ jà fún.

Mo tún mọ̀ pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kan máa ń fi ìwé àdéhùn gba orin lọ́wọ́ ọ̀dọ́ tó kọ ọ́, tí owó kò sì dé ọwọ́ rẹ̀. Ìyẹn náà, olè ni. Àwa kì í ṣe ọlọ́pàá fún wọn. N kò fẹ́ kí a ti ọmọ ilé ìwé mọ́lé nítorí orin kan. Ẹni tó fi iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣòwò ni kí òfin kọ́kọ́ wá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a kò bá gbà á, òun nìkan ni yóò dá gbé e.

Nítorí náà, mo dá àbá mẹ́ta. Kí a má ṣe pín odindi fíìmù, orin tàbí ìwé ẹlòmíràn lórí WhatsApp ẹ̀ka wa mọ́, àfi èyí tí ẹni tó ni ín bá yọ̀ǹda. Kí a máa dá owó jọ, kí a ra fíìmù kan lọ́nà tó tọ́, kí a gba àṣẹ láti fi hàn nínú gbọ̀ngàn yìí, kí ìdílé wa wá wò ó. Kí ẹgbẹ́ wa sì dúró ti àwọn oṣere àti olórin nígbà tí wọ́n bá ń bá àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́ du ẹ̀tọ́ wọn.

Ní tèmi, mo ti pa fíìmù yẹn rẹ́ lórí fóònù mi, mo sì ti sọ fún àbúrò mi. Ó bi mí pé, ṣé kí òun kọ́kọ́ wò ó tán ni? Ẹ bá mi dá a lóhùn.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.